Zakari Kọ́ Ló Gbé Eégún

Mo ti sọ ọ́ lọ́jà. Mo ti sọ ọ́ níbi ìsọmọlórúkọ. Mo ti sọ ọ́ fún oníkẹ̀kẹ́ tó gbé mi lọ sí Challenge, ọkùnrin tí kò bi mí léèrè ohunkóhun. Zakari kọ́! Àbúrò mi kọ́ ló wà nínú aṣọ jákujàku tí wọ́n gbé wọ Ọjà-Ọba lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn. Ẹni tó bá tún pè é ní eléégún lójú mi, ìjà ló ń wá, á sì rí i. Mi ò bá ẹnikẹ́ni ṣeré lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Hàúwà lorúkọ mi. Òwú, bọ́tìnnì àti síìpù ni mò ń tà ní Ọjà-Ọba nílùú Ìlọrin, àwọn télọ̀ tó ń ra ọjà lọ́wọ́ mi sì mọ̀ pé ara mi máa ń tètè gbóná. Wọ́n ní mo máa ń bínú jù. Kí ni wọ́n fẹ́ kí n máa ṣe, kí n máa jó? Zakari ló tẹ̀ lé mi. Nígbà tí ìyá wa kú, kò tíì lè dá sòkòtò wọ̀. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà ni mò ń wẹ̀ fún un, tí mò ń fún un lóúnjẹ, tí mò ń lé e lọ sí ilé-kéú. Bàbá wa fúnra rẹ̀ ló ni ilé-kéú náà, lábẹ́ òrùlé páànù tó wà níwájú ilé wa, lẹ́yìn ọjà. Àáfà Àgbà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Kò sí agboolé kan nítòsí wa tí ọmọ wọn ò tíì jókòó síwájú rẹ̀ rí pẹ̀lú wàláà lọ́wọ́. Ó ti darúgbó báyìí, ojú rẹ̀ sì ti ṣú. Tí o bá dúró síwájú rẹ̀ tí o ò sọ̀rọ̀, kò ní mọ̀ ọ́. Ohùn ló fi ń dá èèyàn mọ̀.

Zakari sá fún kéú títí ó fi sú Baba. Ilé kan wà tí wọ́n ti máa ń fi fíìmù han àwọn ọmọdé, ibẹ̀ ni mo ti máa ń lọ fa á létí jáde. Tí Baba bá bi mí pé ibo ló wà, màá ní inú ló ń run ún. Nígbà tó dàgbà, ó kọ́ṣẹ́ panẹ́bítà, ó wá rí àyè kékeré kan ní Challenge tó ti ń na mọ́tò tó bá tẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti gba ibẹ̀ kọjá ti gbọ́ ariwo òòlù rẹ̀. Ọkùnrin náà ga, ó síngbọnlẹ̀, apá rẹ̀ tó itan mi, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ẹni tí ìjà ń bà lẹ́rù tó o. Tí oníbàárà bá jágbe mọ́ ọn, á máa bẹ̀ ẹ́, kódà kó jẹ́ oníbàárà náà ló jẹ̀bi. Èmi ni mo máa ń wá bá wọn jà nígbà tí mo bá gbọ́.

Iṣẹ́ yìí ló mú fíìmù wá bá a. Ọ̀gbẹ́ni Kọ́lá, ọkùnrin kan tó ń darí eré, gbé mọ́tò rẹ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti rún wá. Jáàkì ò sí nítòsí, ni Zakari bá ki èjìká bọ abẹ́ mọ́tò, ó gbé e sókè kí wọ́n lè ti òkúta sábẹ́ rẹ̀. Kọ́lá pariwo pé òun ti rí Asọ́bodè! Ó ti pẹ́ tó ti ń ro ìtàn ọkùnrin alágbára kan tó ń ṣọ́ ẹnubodè ìlú, tó ń fi ọwọ́ lásán dá mọ́tò àwọn ajínigbé dúró, tí ìbọn kì í ràn. Àwọn òyìnbó ní tiwọn tó ń fò kiri nínú aṣọ tó fún mọ́ wọn lára. Kọ́lá fẹ́ kí Ìlọrin náà ní tirẹ̀.

Baba ò kọ́kọ́ gbà rárá. Ó ní àwọn tí kò ríṣẹ́ ṣe ló ń ṣe fíìmù. Ṣùgbọ́n Kọ́lá mọ èèyàn í bẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó jókòó sórí ẹní láàárín àwọn ọmọ kéú, ó dúró títí Baba fi parí iṣẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni Baba bi í.

"Ṣé ẹ máa bò ó lójú?"

Kọ́lá ní rárá.

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa," Baba ní. "Ìlọrin ò ní eégún. Gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì tẹ́ wa lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Tí ọmọ mi bá máa ṣe alágbára, kó fi ojú tí Ọlọ́run fún un ṣe é. Ọjọ́ tó bá bojú, èmi àti ẹ̀ ò tún jọ jẹun mọ́."

Zakari dọ̀bálẹ̀, ó gbà. Bí Asọ́bodè ṣe di ẹni tó ń wọ jálàbíà dúdú nìyẹn, tó ń wé láwàní funfun, tí ojú rẹ̀ ń hàn kedere. Baba fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wé láwàní náà tí kò fi ní tú tó bá ń sáré.

Fíìmù náà jáde, ó gbàlú. Wọ́n ṣe apá kejì, wọ́n ṣe apá kẹta. Àbúrò mi sì yí padà. Ó ti máa ń mu sìgá ní kọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, ó jù ú nù, ó ní tí ọmọdé kan bá rí Asọ́bodè pẹ̀lú sìgá lẹ́nu ńkọ́? Àwọn ọmọ tó ń ti ilé-ìwé bọ̀ á dúró níwájú ibi iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n á na ọwọ́ sí mọ́tò tó ń bọ̀ pé kó dúró. Zakari á sáré jáde, á kó wọn kúrò lójú títì, á ní Asọ́bodè gan-an máa ń wo ọ̀tún wo òsì kó tó sọdá. Oníbàárà tó bá wá jágbe mọ́ ọn nísinsìnyí, Zakari á wo ojú rẹ̀, á dá a lóhùn jẹ́jẹ́, ọ̀rọ̀ á tán. Mi ò lọ bá ẹnikẹ́ni jà ní Challenge mọ́. Ohun tí fíìmù fún un nìyẹn, òun nìkan sì ni nǹkan tí mo tíì rí kó jẹ́ tirẹ̀ láyé yìí.

Kọ́lá bá kó ìyàwó kó ọmọ, ó jápa lọ sí Kánádà. Àlàájà Nafisah tó ń náwó sí eré náà ní ayé ti yí, pé àwọn èèyàn ò fẹ́ akọni tó ń fajú ro mọ́, ẹ̀rín ni wọ́n fẹ́ rín. Ló bá lọ gbé Gàní wá pé kó wá darí apá kẹrin.

Ẹ mọ Gàní. Ẹ má wulẹ̀ sọ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n. Òun ló máa ń ṣe àwọn fídíò ẹlẹ́fẹ̀ orí fóònù, tó ń wọ sálúbàtà pupa sẹ́sẹ̀ kan, tó ń wọ aláwọ̀ ewé sí ìkejì, tó ń bi ewúrẹ́ léèrè ohun tó rí sí ọ̀rọ̀ ìlú. Fèrè máa ń wà lọ́rùn rẹ̀ bíi ti ẹni tó ń darí ọkọ̀. Kò ní tíì sọ àwàdà rẹ̀ tán tí á ti máa fi ẹ̀rín gé e. Mi ò ní purọ́, ó ti pa mí lẹ́rìn-ín rí. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ọmọ Ìlọrin ni, ọmọ bíbí inú ìlú. Tó bá jẹ́ àlejò ni, màá ní kò mọ̀.

Ilé kan ní Adéwọlé ni wọ́n ti ń palẹ̀mọ́ fún eré náà. Wọ́n ní kí n kó síìpù àti òwú wá fún télọ̀ wọn, èmi àti Zakari jọ lọ. Gàní ní kí Asọ́bodè máa sá fún ọmọńlé. Zakari sá fún ọmọńlé. Ó ní kó fi ìdí dá mọ́tò dúró. Zakari fi ìdí dá a dúró. Ó ní kó sọnù níbi ẹnubodè tó ń ṣọ́ gan-an, kó máa bẹ ọmọdé pé kó júwe ọ̀nà fún òun. Gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín, èmi náà ń rẹ́rìn-ín, Zakari pàápàá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ká ní ibẹ̀ ló mọ, ta ni ì bá gbọ́ ohùn mi?

Gàní wá dúró síwájú rẹ̀, ó gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Bọ̀dá Zakari, ojú yín yìí ni ìṣòro mi. Ẹ ń wò bí ẹni tó ń dúró de dókítà. Mo ti wá nǹkan ṣe sí i."

Ó wọ yàrá lọ, ó gbé aṣọ kan jáde. Àjákù aṣọ oríṣiríṣi ni wọ́n rán pọ̀, pupa, iyeyè, aláwọ̀ ewé, gbogbo rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ láti orí dé ẹsẹ̀. Níbi tó yẹ kí ojú wà, nẹ́ẹ̀tì ló wà níbẹ̀.

"Gàní," mo ní, "ṣé kì í ṣe eégún lo gbé dání yẹn?"

Ó pàtẹ́wọ́! "Àǹtí Hàúwà, ẹ ti rí i! Ìlú tí kò ní eégún, a fún wọn ní akọni tó dà bí eégún. Wọ́n á sá, wọ́n á pariwo, wọ́n á wá rí i pé Asọ́bodè ni. Ẹ̀rín á pa wọ́n kú. Gbogbo ayé á wá máa bèèrè pé ta ló wà lábẹ́ ìbòjú. Ìyẹn la ó fi máa polówó rẹ̀."

Zakari ò fọwọ́ kan aṣọ náà. Ó ní, "Gàní, má bínú. Baba mi ò ní gbà."

"Ṣé wọ́n á mọ̀ ni? Ṣebí ojú wọn ò ríran mọ́?"

Àsìtàgàfúrúláì! Mo ní kó tún un sọ. Mo ní tó bá jẹ́ ọmọ bàbá rẹ̀, kó tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ nípa bàbá mi. Mo ti ju síìpù sílẹ̀, mo ti ń ṣán ìró. Zakari ló gbá mi mú, ó fà mí jáde bí ẹni fa àpò símẹ́ńtì. Títí a fi dójú títì ni mò ń bú Gàní, ó ń sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ó tó, ẹ jọ̀ọ́, ó tó."

Wọn ò pe Zakari mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Ó pe Gàní títí, kò gbé e. Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Tí ojú Asọ́bodè bá ti bò, ẹnikẹ́ni ló lè wọ̀ ọ́. Abdulwaris, àbúrò ìyàwó Gàní, ni wọ́n wọ aṣọ náà fún. Zakari gbọ́, ó ń na mọ́tò rẹ̀ lọ. Mo bi í pé ṣé kò dùn ún ni? Ó ní ó dun òun, ṣùgbọ́n ó sàn kí òun pàdánù iṣẹ́ ju kí òun pàdánù Baba lọ. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn, torí ó wúwo lọ́kàn mi títí di òní.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n mú. Nínú gbogbo ọjọ́ tí Ọlọ́run dá! Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán ni, èrò ń tú bọ̀ sínú ọjà, gbogbo wọn nínú aṣọ funfun. Mo wà nínú ṣọ́ọ̀bù mi, mò ń ka bọ́tìnnì fún oníbàárà, mo gbọ́ fèrè. Lẹ́yìn fèrè, mo gbọ́ ohùn àbúrò mi láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn kan tó wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́: "Ẹ fọkàn yín balẹ̀! Asọ́bodè ti dé!" Mo sáré jáde. Nǹkan aláwọ̀ mèremère náà ti wọ àárín ọjà, ó ń ta gìjàgìjà, ó ń jó yípo, àjákù aṣọ ń fò káàkiri ara rẹ̀. Gàní ń fi kámẹ́rà sá tẹ̀ lé e, ẹ̀rín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e ṣubú.

Ìyá kan tó ń ta tàtàṣé ló kọ́kọ́ ké. "Eégún! Eégún wọ Ọjà-Ọba o!"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àwọn obìnrin gbá ọmọ mú, wọ́n ń sá. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ kò sá o, òkúta ni wọ́n ń ṣà. Igbá tàtàṣé dà nù, ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nǹkan náà rí òkúta, ó ká aṣọ sókè, ó ki eré mọ́lẹ̀. Mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, tín-ín-rín, orúnkún ń gbá ara wọn. Ẹsẹ̀ Zakari kọ́! Ẹsẹ̀ tí mo wẹ̀ ni mi ò ní mọ̀? Mo ń pariwo, "Abdulwaris ni! Àbúrò mi kọ́!" Ta ló dá mi lóhùn? Wọ́n ti gbọ́ ohùn Asọ́bodè. Gbogbo Ìlọrin ló mọ ẹni tó ń ṣe Asọ́bodè. Gàní àti Abdulwaris fò sínú kẹ̀kẹ́, wọ́n lọ. Kí wọ́n tó kírun Àsárì, fídíò náà ti wà lórí Wọ́sáàpù gbogbo ayé, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọmọ Àáfà Àgbà gbé eégún ní Ọjà-Ọba.

Zakari ò mọ nǹkan kan. Abẹ́ mọ́tò ló wà ní Challenge. Ó dé sílé pẹ̀lú epo dúdú lọ́wọ́, ó sálámà, Baba ò dáhùn. Ẹnì kan ládùúgbò ti fi fídíò náà sí Baba létí.

"Zakari, ìwọ lo wọ̀ ọ́?"

"Rárá, Baba."

Baba ní kí wọ́n tún un fi sí i. Ohùn yẹn tún jáde, Asọ́bodè ti dé.

"Ohùn ta nìyẹn?"

"Ohùn mi ni, Baba, àmọ́..."

"Mi ò bi ọ́ ní àmọ́."

Zakari ṣàlàyé títí òógùn fi bò ó. Ó ní inú apá kejì ni wọ́n ti gé ohùn náà, pé wọ́n lè yọ ohùn èèyàn kí wọ́n fi sí ẹlòmíì lẹ́nu. Baba tẹ́tí sí i títí ó fi parí. Ó wá ní, "Ohùn á wá kúrò lára èèyàn, á dá rìn lọ sọ́jà. Ṣé ohun tó o fẹ́ kí n gbà gbọ́ nìyẹn?" Ẹ bá mi wò ó. Arúgbó tí kò tíì wo fíìmù kan rí, tó jẹ́ pé ohùn nìkan ló kù tó fi ń mọ ọmọ tó bí, òun ni kí a wá máa sọ fún pé ohùn ò tó ẹ̀rí mọ́.

Èmi ni mo kúnlẹ̀ sọ̀rọ̀ tẹ̀ lé e. "Baba, mo wà níbẹ̀. Mo fojú mi rí i, Abdulwaris ni. Wàláhì, mo fi Kùránì búra, Zakari kọ́."

"Hàúwà, má fi Kùránì kún un," Baba ní. "Láti kékeré lo ti ń sọ fún mi pé inú ló ń run ún."

Baba ti mọ̀, láti gbogbo ọdún wọ̀nyẹn! Inú bí mi sí ara mi, inú bí mi sí Baba, inú bí mi sí Zakari tó tẹrí ba bí ẹni tó jẹ̀bi.

Láti ọjọ́ náà, Baba ò dáhùn sálámà rẹ̀ mọ́. Tí Zakari bá ra àkàrà wálé, Baba á ní òun ti yó. Àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọ wọn kúrò ní ilé-kéú, wọ́n ní àwọn ò lè fi ọmọ sílé eléégún. Ẹní tí ọmọ máa ń kún dẹ́nu ọ̀nà wá ṣófo, Baba á jókòó síbẹ̀ láàárọ̀, á máa tẹ́tí bóyá ẹsẹ̀ ọmọdé ń bọ̀. Ìyẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ya mí ní wèrè.

Mo gba Adéwọlé lọ. Àlàájà Nafisah wà níbẹ̀, Gàní wà níbẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà. Mi ò kí wọn. Mo ní, "Gàní, bọ́ síwájú kámẹ́rà rẹ nísinsìnyí, kó o sọ pé Abdulwaris ló wọ aṣọ yẹn."

Ẹ̀rín ò sí lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. "Àǹtí, mi ò lè sọ ọ́. Àwọn ọkùnrin ọjà ṣì ń wá ẹni tó wọ̀ ọ́. Tí wọ́n bá ṣe Abdulwaris léṣe, kí ni màá sọ fún ìyàwó mi?"

"Bí wọ́n bá wá ṣe Zakari léṣe ńkọ́?"

"Ta ló lè lu Asọ́bodè? Wọ́n fẹ́ràn ẹ̀."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbàlagbà! Àlàájà ní kí n mú sùúrù. Mo ní sùúrù ò sí lára ọjà tí mò ń tà. Mo já fèrè kúrò lọ́rùn Gàní, mo jù ú sínú gọ́tà tó wà lẹ́nu géètì wọn. Kò tún nǹkan kan ṣe, mo mọ̀. Ó kàn dùn mọ́ mi nínú.

Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn àgbà ọjà sọ pé kí ẹni tó wọ aṣọ náà jáde wá tọrọ àforíjì, kí gbogbo rẹ̀ tán síbẹ̀. Gàní ò lọ bá Abdulwaris. Challenge ló lọ, ó lọ jókòó ti àbúrò mi lórí táyà. Zakari fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi nígbà tó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù.

"Ó ní gbogbo ìlú ti gbà pé èmi ni. Ó ní kí n kàn bẹ̀ wọ́n níwájú kámẹ́rà, pé wọ́n á foríjì mí kíákíá torí wọ́n mọ̀ mí. Ó ní òun á jó ìbòjú yẹn, èmi náà á sì padà di Asọ́bodè."

"Kí lo wá sọ fún un? Ṣé o fi òòlù là á lórí?"

Ó ń fi ìka yí bọ́tìnnì kan lórí tábìlì mi. Ẹ̀rù bà mí.

"Zakari! O ò ṣe é! Kí o lọ fi ẹnu ara rẹ sọ pé ìwọ ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti sọ òótọ́. Ta ló gbà á? Ẹ̀yin náà ti sọ ọ́, ẹ tiẹ̀ búra. Kí ló yí padà? Ẹ lọ wo ẹní Baba láàárọ̀. Tí mo bá bẹ̀bẹ̀, àwọn ọmọ á padà."

Mo pè é ní òmùgọ̀. Mo pè é ní ojo. Mo sọ fún un pé tó bá ṣe é, kó má pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́. Àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì yọjú wá wò wá. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó kí mi pé ó dàbọ̀, ó lọ. Ọkùnrin tí mo sọ pé kò lè kojú ìjà, n ò rí ibi tí mo lè gbá a mú.

Ó ṣe é. Wọ́n ya fídíò rẹ̀ níwájú ibi iṣẹ́ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ gbàǹgbà yẹn, ó ní òun Zakari ló wọ ìbòjú wọ Ọjà-Ọba, kí ẹ̀yin ará Ìlọrin foríjì òun. Àwọn àgbà ọjà ní ó tán. Ìyá tó ń ta tàtàṣé ń sunkún nínú fídíò tiẹ̀, ó ní òun ti dárí jì í, pé ọmọ dáadáa ni. Gàní ti ń kọ ọ́ sórí ayélujára pé Asọ́bodè ń bọ̀ padà. Ojú kò tì í.

Zakari wọlé lẹ́yìn ìrun Àsárì, mo wà níbẹ̀. Baba wà lórí ẹní, àwọn ọmọ kéú díẹ̀ ti padà, wọ́n ń ka wàláà wọn. Baba ní kí wọ́n lọ ṣeré ná. Zakari dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.

"Baba, èmi ni. Ẹ foríjì mí."

Baba na ọwọ́ síwájú, ó ń wá a. Ọwọ́ rẹ̀ kan orí Zakari, ó sọ̀ kalẹ̀ síwájú orí, ó kan imú, ó kan ẹnu. Ó fọwọ́ pa gbogbo ojú ọmọ rẹ̀ bí ẹni tó ń kà á. Omi ń dà lójú Baba.

"Ìbòjú kọ́ ló dùn mí, Zakari. Èèyàn lè ṣàṣìṣe. Bí o ṣe jókòó síwájú mi tí o ń purọ́ pé ìwọ kọ́, ìyẹn ni ò jẹ́ kí n lè sùn."

"Ẹ má bínú, Baba. Mi ò ní purọ́ fún yín mọ́."

Mo ya ẹnu. Wàláhì, ọ̀rọ̀ ti dé eyín mi. Zakari gbójú sókè wò mí láti ilẹ̀ tó wà, ó kàn ń wò mí ni. Àwọn ọmọ ń pariwo eré níta. Mi ò sọ ọ́.

Baba ti gbọ́ mímí mi. Ó yí orí sọ́dọ̀ mi. "Hàúwà."

"Baba."

"Ìwọ náà ńkọ́? O gbè é lẹ́yìn. O fi Kùránì búra fún mi lórí irọ́. Wá bẹ̀ mí, kí n lè foríjì ẹ̀yin méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọkàn mi balẹ̀."

Mo dúró. Orúkọ Gàní ń dún lórí mi bí òòlù. Baba na ọwọ́ kejì sí afẹ́fẹ́, ó ń dúró dè mí. Mo kúnlẹ̀ ti Zakari. Mo ní, "Ẹ foríjì mí, Baba. Irọ́ ni mo pa." Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ṣàdúrà fún mi pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n búra èké mọ́ láyé mi.

Mo ní àmín.